Ọmọ Pọ̀ Nílé Alágogo

Ẹ ti fura, ẹ ò sì jẹ̀bi: Ọ̀gá Ọwọ́-Mímọ́ kò mọ agogo rọ. Òun ló ni ilé-iṣẹ́ agogo tó tóbi jù nílùú, àmì rẹ̀ ló wà lára gbogbo agogo tó ń dún, látorí ti ẹnubodè dórí ti ọrùn màlúù, ṣùgbọ́n idẹ gbígbóná kò ta sí i lára rí. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó rò pé oríkì ni.

Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan. Láyé ìgbà náà, ẹrú ló ń lọ ọkà ìlú, ẹrú ló ń tu ọkọ̀ ojú omi, ẹrú ló ń gbẹ́ òkúta ilé ẹni tó ń fi ẹrú yangàn. Wọn kì í béèrè ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tí àga olórí àwọn alágogo ṣófo, tí àwọn àgbà wá wo ilé Ọ̀gá, ńṣe ló to àwọn ẹrú rẹ̀ sẹ́yìn bí ìrù ọ̀kín, tó ń yan níwájú wọn.

“Èyí dáa,” ni Bàbá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, wí. “Ẹni tí kò lẹ́rú lẹ́yìn kò gbọdọ̀ jókòó lórí àga yẹn. Ó wá ku agogo tí ẹni tó fẹ́ joyè gbọ́dọ̀ rọ. Ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ nìkan ni kẹ́ ẹ rọ ọ́. Ẹrú ò gbọdọ̀ bá yín dá sí i. Kódà, ẹrú tó bá bu omi fún yín mu ti bá yín ṣe é nìyẹn.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló rántí pé òun ò bímọ.

“Ṣé kí n yá ọ lọ́mọ wá lọ́jà ni?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Obìnrin yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin ní mo lè sọ ẹrú dọmọ.”

Òótọ́ ni. Bí olówó bá mú ẹrú rẹ̀ dé ẹnubodè, tó wí lójú gbogbo èèyàn pé, “Ọmọ mi nìyí,” ẹrú náà ti dòmìnira nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì ṣe é kó jẹ mọ́.

Ó mú Onída lọ, obìnrin tó ń fi ìda mọ àwòrán agogo kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó. Ó kígbe ọ̀rọ̀ náà. Onída kúnlẹ̀, ó dìde, wọ́n padà sílé, ó sì mọ ìda rẹ̀ parí.

“Bàbá mi, ìda ti ṣe tán. Ta ni yóò bò ó?”

“Ìwọ ńkọ́!”

“Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní bí mo bá yọjú sílé amọ̀, ẹ ó yọ mí lójú.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọ̀gá ló pín iṣẹ́ sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó mọ ògiri sáàárín wọn, kí ẹrú kankan má baà mọ gbogbo rẹ̀ kó sì sá lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ló máa ń rò fún àlejò bí ẹní ń pìtàn.

Ló bá mú Alámọ̀ lọ sẹ́nubodè. Alámọ̀ ò mọ idẹ pò. Ó mú Apodẹ lọ. Apodẹ ò mọ ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná. Nígbà tó fi máa fa Ẹlẹ́wìrì onírùngbọ̀n dé, àwọn èèyàn ti gbé àpótí ìjókòó wá síta.

“Ẹ kú ewu ọmọ o!”

“Ọ̀gá, irùngbọ̀n lẹ fi bí èyí?”

Òùngbẹ dé, ó di dandan kí apọnmi dọmọ. Ebi dé, alásè dọmọ. Ó wá ku agbálẹ̀. Ìyẹn fìdí ti ògiri, ó di ìgbálẹ̀ mú, ó ní eérú mà ti dí ẹnu ààrò. Ọ̀gá ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi fà á lọ́wọ́ lọ.

“Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n,” ni ìyàwó rẹ̀ ń wí, tó ń fi gèlè nu omijé ẹ̀rín. “Ẹ̀yìn rẹ á ṣáà gbà wọ́n?”

Àbí ẹ ò mọ̀ pé ilé náà ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí? Apodẹ gbé òòlù, ó fọ́ ògiri àárín, ó ní ọmọ ilé kì í gba ojú ihò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Onída máa fojú ara rẹ̀ rí i tí idẹ ń ṣàn pupa wọnú ibi tí ìda rẹ̀ ti yọ́ kúrò.

“Àṣé bó ṣe ń rí nìyí!” Ó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Wọ́n ní kí Bàbá àwọn náà bá wọn di ẹ̀mú mú. Ó dì í mú. Èédú kùn ún lọ́wọ́, ó sì ń fi ọwọ́ náà han gbogbo ayé bí ẹní ra òrùka tuntun.

Wọ́n gbé agogo dé ojúde, wọ́n lù ú. Ó dún, ó ń dún lọ, ó kọ̀ kò dákẹ́. Àwọn àgbà gbàgbé orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n jó. Ọ̀gá gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ kó jókòó sórí àga olórí.

“Dúró ná,” ni Bàbá Àgbà wí. “Àwọn ẹrú rẹ dà, kí wọ́n wá dúró sẹ́yìn àga?”

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn. Onída juwọ́ sí i láàárín èrò. “Bàbá wa, a wà ńbí o!”

Kò ní ẹyọ ẹrú kan mọ́.