Ọdún Tí Verner Pa Iná Kí Iná Tó Kú

Ọkọ mi Verner kì í gba irọ́ gbọ́, àfi èyí tó bá kà nínú ìwé ìròyìn. Lọ́dún 1999, ìwé ìròyìn ní tí ọdún bá yí, orí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé yóò dàrú, iná yóò kú, omi yóò dá. Verner ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó kó ẹja inú agolo wálé ní páálí-páálí, ó pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ wa, èmi wá ń fi omi kẹ́tùlù wẹ̀ bí ẹni tó wà lójú ogun.

Troels tó fẹ́ Maiken ọmọ wa, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an ló ń ṣe.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí nídìí oúnjẹ. "Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń tún un ṣe."

"Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi lọ́gbọ́n?" ni Verner wí. "Ó dáa. Mo búra, títí iná á fi kú tí wàá wá bẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé rẹ. Ti Ellinor náà ò ní tẹ̀ ẹ́."

Èmi ni Ellinor, wọn ò bi mí. Kò pẹ́ tí Maiken bí obìnrin, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́, nínú ìlú Horsens kan náà tí mò ń gbé, àwòrán ni mo fi ń wò ó. Mò ń rẹ́rìn-ín fún ará ìta, àmọ́ adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í rìn wọnú ọdún tuntun. Orí àga la máa ń gùn, bí agogo méjìlá òru bá ti lù, a ó fò wọ̀ ọ́. Lọ́dún yẹn, ó ku díẹ̀ kí agogo lù ni Verner lọ sídìí mítà, ó pa iná gbogbo ilé.

"Kọ̀ǹpútà ò ní bá mi lójijì," ló wí nínú òkùnkùn.

"Verner, ta ló wá pa iná wa báyìí, ìwọ àbí kọ̀ǹpútà?"

"Ellinor, gun àga."

Agogo lù nínú rédíò oníbátìrì rẹ̀. A fò. Èmi balẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, Verner balẹ̀ sórí páálí ẹja tí òun fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀. Mo gbọ́ tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ dún. Lójú fèrèsé, iná gbogbo àdúgbò ń tàn yòò.

Mo pe Troels. Fóònù ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nílé ìwòsàn, kọ̀ǹpútà mọ orúkọ Verner, ó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó tilẹ̀ rántí pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi nìkan ló kọṣẹ́ sílẹ̀.

Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn. Ilé wa kún fún àtẹ̀gùn, ti Troels ò ní ẹyọ kan. Ní gbogbo ọ̀nà, Troels ò fi ọ̀rọ̀ kankan gún un lára, ìyẹn sì dun Verner ju egungun lọ.

"Mo ti búra," ló ń kùn lẹ́nu ọ̀nà ilé Troels.

"Ẹ ò ní búra èké, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín ò ní kanlẹ̀." Troels bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọ̀n ọ́n.

Èmi ò dúró kí ẹnikẹ́ni pọ̀n mí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì kọjá, mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọlé, mo sì lọ gbé ọmọ-ọmọ mi.