Abẹ́rẹ́ Ọ̀gá Rachidou

Ìgbà kẹta rèé tí òwú já. Moubarakath gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ibi ìtẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ ibi tó rán: ihò lẹ́yìn ihò, òwú ò dúró nínú wọn. Aṣọ ni èèyàn lè tú kó tún rán, kó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kó dà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Awọ kì í gbàgbé. Ihò tí abẹ́rẹ́ bá ti dá sí i, ó di ti títí ayé.

Bàbá Faïzath jókòó síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, agbádá rẹ̀ funfun báláú, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lórí tábìlì. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni. Wassim ni orúkọ bàbá yìí, ọdún kẹjọ rèé tí ọkọ̀ ti gé e lẹ́sẹ̀. Ìgbànú awọ tó ń de ẹsẹ̀ náà mọ́ itan rẹ̀ ló já láàárọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì Faïzath ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Akron, lẹ́yìn ìrun àílà. Nígbà tí wọ́n so yìgì ẹ̀gbọ́n Faïzath, àga ni wọ́n fi gbé bàbá wọlé bí ẹrù ọjà, àwọn ọmọ ilé àna sì fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti búra pé ẹsẹ̀ òun lòun máa fi rìn wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọmọ mi, aago mélòó ló lù?"

"Méjìlá ti kọjá díẹ̀, Bàbá. Ẹ ní sùúrù."

Sùúrù! Ta ló ń bẹ ta? Òun gan-an ń kánjú. Awọ màlúù tó nípọn tó báyìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tokpota, ó sì ti fi ihò ba ìlà méjì jẹ́ lára rẹ̀. Ààyè ìlà kan péré ló kù.

Ó tú òwú òkè, ó fi ìda oyin pa á kó lè máa yọ̀, ó tún kì í bọ ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yọ kanẹ́tì tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀, ó gbọn eruku abẹ́ rẹ̀ dànù, ó dá a padà. Ó dẹ ibi tó ń fún òwú mọ́ra. Ó wá dán an wò lórí àjákù awọ ewúrẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ rán an geerege, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dá ìjà sílẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ìpẹ̀kun ìgbànú bọ abẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, òwú tún ya fínífíní, ó já.

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?" Wassim béèrè.

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́!"

Ó jágbe mọ́ bàbá tó tó bí i lọ́mọ. Ojú tì í lójú ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀gá Rachidou tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi í sí ọwọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́-awọ, lọ́jọ́ tó tú u sílẹ̀ lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, tó sì ṣàdúrà lé e. Láàárín tiwọn, abẹ́rẹ́ ìtúsílẹ̀ kì í kúrò nínú ẹ̀rọ àfi tó bá fúnra rẹ̀ kán. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Oṣù méje rèé tó ti ń fi í rán pọ́ọ̀sì àti àpò awọ ewúrẹ́, kò já a kulẹ̀ rí.

Nígbà tí aago lu méjìlá ààbọ̀, ó pe Ọ̀gá lórí fóònù. Akpro-Missérété ni Ọ̀gá ń gbé báyìí, ó ń dáko.

"Aló, Pátírọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, òwú ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ wo ló wà níbẹ̀?"

"Èyí tẹ́ ẹ fún mi."

Ọ̀gá kígbe.

"Èyí tí mo fún ẹ? Moubarakath, abẹ́rẹ́ aṣọ nìyẹn! Ti awọ tán lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wá ra èyí tí mo rí. Ẹnu rẹ̀ róbótó, kò lè gé awọ màlúù. Ojú rẹ̀ sì kéré fún òwú ńlá. Àdúrà ni mo fún ẹ, ọmọ yìí, kì í ṣe irin. Yọ ọ́!"

Inú bí i débi pé ó fẹ́ sọ fóònù mọ́lẹ̀. Oṣù méje! Ṣùgbọ́n ìbínú ò lè rán ìgbànú. Ó tú abẹ́rẹ́ Ọ̀gá, ó fa abẹ́rẹ́ awọ kan yọ nínú páálí tí kò tíì já rí, èyí tí ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó dè é le. Kò tẹ ẹsẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ló fi ń yí ẹ̀rọ, ihò kan, ó dúró, ihò kejì, ó tún dúró. Wọ́n ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ nígbà tí ìlà náà pé, òwú rẹ̀ jókòó dáadáa lókè àti nísàlẹ̀.

Wassim de ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dìde, ó tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," Moubarakath wí. "Ihò tí mo ti dá tẹ́lẹ̀ ti ba awọ yẹn jẹ́. Ó máa gbé yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jó."

"Ọmọ mi ń relé ọkọ, o ní kí n má jó?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó."

Wassim gun zémì tó ń dúró dè é, alùpùpù náà sì gbé e lọ.

Moubarakath ò rí nǹkan kan rán mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìrun alaasari kọjá, fóònù dún. Ariwo orin pọ̀ lẹ́yìn ohùn Wassim.

"Ó ti já o!"

Ó fi ọwọ́ di orí mú. "Ẹ ṣubú?"

"Mo ti rìn wọlé ná. Mo jókòó, wọ́n so yìgì, mo dìde, mo jó. Ìgbà yẹn ló já. Awọ ló ya, òwú ẹ ò mì rárá." Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àna mi ló gbá mí mú. A ṣì ń jó o."