Èéfín Ogún Ìṣẹ́jú

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Èéfín yìí ò ní pẹ́ lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Moróunkẹ́ ti bẹ̀bẹ̀ báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ tí ìjọba rán wá kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó. Èéfín funfun ń tú lẹ́nu àgbá ńlá tí ṣùkù àgbàdo kún inú rẹ̀, ó ń rọra rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé tuntun Akóbọ̀, bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ. Bí wọ́n bá ti ibí yìí pa, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta Moróunkẹ́ parí nìyẹn.

"Màdámù, ẹ̀rọ kì í purọ́," ni Gbádérọ̀ wí. "Àwọn aládùúgbò yín kọ̀wé pé ẹ̀ ń sun èédú láàárín ilé. Ohun tí mo ń rí náà nìyí."

"Kì í ṣe èédú ìdáná, sà. Èédú ajílẹ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ ń pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ohun ọ̀gbìn lè so dáadáa. A kì í gé igi rárá. Bí inú àgbá bá ti gbóná tó, èéfín fúnra rẹ̀ á gbiná, á jó tán. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ."

"Nígbà tí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò ti tanná sí i kí a tó dé?"

Díákónì Oyèkànmí, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe èédú ajílẹ̀, wolẹ̀. Òun ló sọ lánàá pé, "A kì í bẹ̀rẹ̀ kí àlejò pàtàkì tó jókòó. Wọ́n á ní a fojú di ìjọba." Láti aago mẹ́jọ ni Moróunkẹ́ ti wọ aṣọ tó dáa, tó gbé àga méjì síta, tó ra omi tútù kalẹ̀, tó ń retí wọn. Aago kan ọ̀sán kọjá kí mọ́tò wọn tó dé.

"A ń dúró dè yín ni, sà," ni ó wí. "Ọ̀wọ̀ ni."

Gbádérọ̀ wò ó, ojú rẹ̀ fẹ́ rọ̀. "Ẹ ṣeun. Àmọ́ wọ́n ń retí wa ní Òjóò. N ò lè dúró."

"Ọ̀gá," ni Oyèkànmí wí, "ìwé wa wà lọ́fíìsì yín láti èṣín. A ní kí ẹ fún èédú ajílẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú òfin. Ẹ ò fèsì."

"Bàbá, fọ́ọ̀mù nìyí. 'Sísun igi fún èédú.' 'Sísun ìdọ̀tí.' Èwo ni kí n mú?"

"Kò sí èyí tó jẹ́ tiwa níbẹ̀."

"Mo gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, bàbá." Ó fa ìlà sábẹ́ èkíní.

Gbádérọ̀ àti àwọn tó bá a wá ní kí Moróunkẹ́ àti Oyèkànmí jáde. Wọ́n fi ṣéènì ti géètì, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ọn pé ẹni tó bá já a yóò délé ẹjọ́. Mọ́tò wọn ò tíì dé ìyànà tí èéfín náà fi gbiná. Moróunkẹ́ yọjú láàárín irin géètì. Iná náà mọ́ bíi ti gáàsì, kò sí èéfín kankan lókè rẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá! Ẹ padà wá wò ó!" Oyèkànmí sáré díẹ̀, ó ń ju ọwọ́, ikọ́ dá a dúró. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Tí a ò bá bomi pa á láìpẹ́, gbogbo èédú inú àgbá á di eérú. Jẹ́ n fo fẹ́ńsì."

"Pẹ̀lú orúnkún yín yẹn?" Moróunkẹ́ tọ́ka sí ojú fèrèsé kan lódìkejì. Obìnrin kan gbé fóònù sókè níbẹ̀, ó ń ká wọn sílẹ̀. Oyèkànmí jókòó sórí òkúta.

Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dé, àpò ṣùkù kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́. Lateefat, ọmọ àgbẹ̀ ará Mọ́níyà, fò sílẹ̀.

"Àǹtí Moróunkẹ́, ẹ ti géètì mọ́ mi? Ṣé mo jẹ yín ní gbèsè ni?" Ó ti gbé àpò kan sílẹ̀ kó tó rí ìwé pupa náà. Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ.

"Máa kó wọn padà, Lateefat."

"Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe? Màmá mi á kàn ṣáná sí i láàárín oko ni, bá a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Èéfín rẹ̀ máa ń tó ọjọ́ méjì. Ìyẹn ò lòdì sófin ni?"

Moróunkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí àpò náà mú, ó ní kí Lateefat di èkejì kí wọ́n gbé e padà sínú kẹ̀kẹ́.