Ọkọ̀ Tí Aránṣọ Ṣẹ́tí

"Ẹ rọra o! Ẹ rọra! Ògiri mi lẹ fẹ́ wó yẹn!"

Aránṣọ na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń ṣubú. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń ti ọkọ̀ ojú omi kan wọ àgbàlá rẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tó ti dípẹtà ni wọ́n gbé e lé, ẹnu ọ̀nà kò sì fẹ́ gbà á. Ọkọ̀ fáíbà náà gùn ju ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ó jọ pé funfun ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti di àwọ̀ eyín ẹni tí kì í fọnu. Koríko hù nínú rẹ̀, àwọn alángbá sì ti sọ abẹ́ ìjókòó di ilé. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn rẹ̀ dorí kodò, àfi bí ẹni pé ojú ń tì í.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó gbọ́ ariwo láti ojúlé kejì, sáré dé, ó káwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ra nǹkan yìí ni, àbí wọ́n fi ń fìyà jẹ yín?"

"Mo rà á ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ti ẹsẹ̀ bọ odò? Ṣé inú rẹ̀ lẹ fẹ́ ti máa ránṣọ ni?"

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára fèrèsé yàrá. Kọ́tìnnì ibẹ̀ mì díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró jẹ́ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn. Atukọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé èrò sọdá odò, tí ẹnikẹ́ni kò sì tọ́ omi wò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dúbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹnu náà padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kọ̀ tí kò padà, àmọ́ nígbà tí ọwọ́ ń lọ, ó mú púpọ̀ dání nínú ọkùnrin náà. Kò jáde mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Rédíò á máa sọ ìsọkúsọ, kò ní bá a jiyàn. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá rí okùn tí wọ́n so dẹngbẹrẹ lára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, á bọ́ bàtà, á wọnú omi, á tún un so, á sì wá ẹni tó so ó kiri láti bú u, òun náà nìyí o.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ń ba Aránṣọ lẹ́rù ju àìsàn náà gan-an lọ. Ó ti bẹ̀bẹ̀ títí, ó ti sunkún, ó ti ní kí àwọn ọmọ pè é lórí fóònù. "Mo wà dáadáa" ni èsì tó ń fún gbogbo wọn. Ìgbà tó rí ọkọ̀ yìí tí wọ́n pa tì lẹ́yìn ilé aládùúgbò kan ni ọgbọ́n dé. Ó ní bí òun bá gbé ọkọ̀ burúkú síwájú fèrèsé ọkùnrin yìí, tí òun sì gbé òpè lé e lórí, ara rẹ̀ kò ní gbà á. Dandan ni kó jáde wá bá òun wí. Òun náà ni òpè. Kò sọ fún ẹnì kankan, àbúrò rẹ̀ pàápàá, torí ọ̀rọ̀ kì í sùn sínú ìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, eré ló ń ṣe. Ó fi ìgbálẹ̀ nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ó fi ọṣẹ ìfọṣọ bọ́jú fún ẹ́ńjìnì. Ó ń kọrin, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ohùn òkè. Kọ́tìnnì á mì, á dúró. Bí wọ́n bá ń jẹun ní alẹ́, á tún dọ́gbọ́n bi í.

"Bàbá wọn, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ ni, àbí tútù?"

"Èyí tó bá wù ẹ́."

"Mo ní kí n kun ún lọ́dà báyìí, kí n tó yọ koríko inú ẹ̀."

Atukọ̀ gbójú sókè. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ó tún pa á dé.

"Ọkọ̀ rẹ ni," ló wí, ó sì bu omi mu.

Ibi tí Aránṣọ ti ń bá ètò rẹ̀ lọ ni ohun tí kò sí nínú ètò ti ṣẹlẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Nígbà tó fọ ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà aláwọ̀ búlúù kan jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹni tó fa ìlà yẹn mọ iṣẹ́, aránṣọ kì í rí ìlà gígún kó má mọyì rẹ̀. Ó nu sítíà títí ó fi ń dán. Àárọ̀ kùtùkùtù, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti wà nínú ọkọ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a níbẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà lọ́wọ́. Ó dáwọ́ eré dúró. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóòótọ́.

Ibì kan ló le. Ọkọ̀ náà sán ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ibi tó kọjú sí fèrèsé gan-an, ojú sísán náà sì gùn tó apá ènìyàn. Ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀ ló ṣàlàyé fún un: ó máa fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, ó máa gé aṣọ fáíbà tó máa bò ó, ó máa po oje rẹ́sìnì pọ̀ mọ́ oògùn tí í mú un gan, kó fi rẹ aṣọ náà, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Ẹ tètè ṣe é o, Mà," ni ọkùnrin náà wí. "Tí ẹ bá ti pò ó tán, kì í dúró de ẹnì kan. Ṣé ẹ lè gé aṣọ?"

Aránṣọ wò ó títí. "Láti ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń gé aṣọ. Kí ni o ti ń ṣe ní tìẹ láti ìgbà yẹn?"

Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Aránṣọ fi téèpù wọn ojú sísán náà. Ó fi ìwé ìròyìn gé bátánì rẹ̀, ó gbé bátánì lé aṣọ fáíbà, ó gé e tónítóní. Ó gbé e sókè wò, inú rẹ̀ kò sì dùn. Fọ́nrán ń já yọ ní gbogbo etí aṣọ náà. Láti ọjọ́ tó ti gba òmìnira iṣẹ́, aṣọ kankan ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ́tí. Bí ẹnì kan bá kọjá tó rí irú ẹ̀, kí ló máa sọ? Ó ká etí rẹ̀ wọnú, ìwọ̀n àtàǹpàkò kan, lápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó fi rẹ́sìnì rẹ ẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó. Ó lẹ́wà, àfi bí àpò èwù tuntun.

Fèrèsé ṣí gbàù.

"Ìwọ obìnrin yìí! Kí lo ṣe síbẹ̀ yẹn?"

Ohùn náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Odindi ọdún méjì nìyí tó ti gbọ́ igbe rẹ̀ kẹ́yìn.

"Mo lẹ̀ ẹ́ ni."

"Kí ló dé tí etí ẹ̀ wú?"

"Mo ṣẹ́ ẹ létí ni."

"O ṣẹ́ kí ni?"

"Etí. Kó má baà tú."

Aránṣọ gbọ́ tí ọ̀pá ń kan ilẹ̀ kọ́, kọ́, kọ́, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Atukọ̀ jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ló rí wọ̀. Oòrùn mú un lójú, ó ṣẹ́jú, àmọ́ kò dúró.

"Ta ní í ṣẹ́tí ọkọ̀? Àbí o fẹ́ kan bọ́tìnnì sí i ni? Wo ibi tó ká yìí. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀! Ìgbì kan ṣoṣo á ṣí i lẹ́nu, omi á wọlé. Ṣe ni kí o fi etí ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tẹ́, kó mu rẹ́sìnì yó, títí ọwọ́ ò fi ní mọ ibi tó parí sí. Yọ ọ́! Yọ ọ́ kó tó gan!"

Aránṣọ fà á. Rẹ́sìnì ti ń gbóná, ó ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. "Ìsàlẹ̀! Ìsàlẹ̀ ni kí o ti fà á!" ni Atukọ̀ ń wí. Nígbà tó rí i pé ìyàwó òun kò yá tó, ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di igun kan mú, àwọn méjèèjì jọ fà á títí ó fi ṣí. Ìgbà náà ló wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí omijé tó ń dà wọ̀ọ̀.

Ara rẹ̀ rọ̀. "Dákẹ́, jàre. Mi ò bá ẹ jà."

"Ẹ bá mi jà," ni Aránṣọ wí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wọn, ẹ túbọ̀ máa bá mi jà."

Ìjà sì wá dé lóòótọ́. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fà á láàárín àgbàlá, àwọn aládùúgbò ò sì rí oorun ọ̀sán sùn mọ́. Atukọ̀ ń fi ọwọ́ òsì ha ara ọkọ̀ ní sáńpépà, ó ń fi ẹnu ṣe èyí tó kù. Wọ́n lẹ aṣọ fáíbà míì mọ́ ojú sísán náà, láìṣẹ́tí. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì, ó jókòó sórí àpótí, ó ń pe irin kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ìka Aránṣọ tí abẹ́rẹ́ ti mọ́ lára sì ń wọ kọ̀rọ̀ tí ìka ọkùnrin kankan ò lè wọ̀. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì wú ikọ́ àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ sáré dé, ó rò pé ilé ń jó.

"Ẹ tiẹ̀ ti sanra, Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún Atukọ̀.

"Ariwo ìyàwó mi ni mò ń jẹ," ni Atukọ̀ dáhùn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sétí odò. Ọkọ̀ yọ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó léfòó. Wọ́n dúró wò ó fún wákàtí kan gbáko, Atukọ̀ mú tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ba, ó yẹ inú rẹ̀ wò kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Aránṣọ yọ kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọkọ rẹ̀. Ó ti ń ro ọjọ́ yìí láti ọjọ́ tó ra ọkọ̀ náà.

Atukọ̀ gbà á, ó wò ó, ó sì mi orí.

"Èmi kọ́."

"Ẹ̀yin kọ́ báwo? Ọwọ́ òsì yín ti le dáadáa!"

"Lórí ilẹ̀ nìyẹn. Omi kì í dúró de ọlọ́wọ́ kan. Mo mọ̀ ọ́n ju ìwọ lọ."

Gbogbo iṣẹ́ yìí, gbogbo àárọ̀ yìí. Aránṣọ kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mo rò pé tí ọkọ̀ bá ti léfòó, ẹ ó padà di Atukọ̀ ni. Torí yín ni mo ṣe rà á."

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e wọlé. O fi ìgbálẹ̀ nu gíláàsì. Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí eruku bà lé máṣíìnì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì jáde? Ẹ jẹ́ kí n máa ṣe bí ayírí níta?"

Atukọ̀ wo odò.

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo mọ ẹni tí ò ń retí. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá jáde, òun kọ́ ló máa jáde."

Aránṣọ wo ọkùnrin náà: irun rẹ̀ tó ti funfun, apá ọ̀tún tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku sáńpépà tó ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe ẹni tó ń retí. Ọdún méjì gbáko ló ti fi ń dúró de ọkùnrin kan tí kò ní dé mọ́, tí èyí sì jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, tó ń gbọ́ bó ṣe ń dúró de ẹlòmíì. Ojú tì í. Ìfẹ́ rẹ̀ sì gbà á lọ́kàn débi pé ó ní láti di èjìká ọkọ rẹ̀ mú.

"Ẹ máa bínú sí mi," ló wí, àmọ́ ohun tó fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn, ó sì tún un sọ. "Ẹ má bínú sí mi."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Bá mi di ọkọ̀ mú kí n wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́. Ó kọjá ìdí sítíà, ó lọ jókòó síbi tí èrò máa ń jókòó, ó wọ ẹ̀wù amúniléfòó, ó sì fi eyín di okùn rẹ̀ kan mú kí ó lè so ó. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

Omi ń gbá létí ọkọ̀. Aránṣọ kò tíì gun ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó bá wọn wá ń pè é láti òkè pé kó má ṣe wèrè. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó di ọwọ́ òsì tí ọkọ rẹ̀ nà sí i mú, ó sì gba kọ́kọ́rọ́.

"Apá ibo ni wọ́n ń yí i sí?"