Ìyá Àgbà Jókòó Sínú Kàlẹ́ńdà

Ṣadé, gbé ẹ̀kọ yẹn sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú. Mo ń fi pupa kun ọjọ́ ọjà ìlú wa sórí kàlẹ́ńdà fóònù tí mò ń ṣe, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Àfi bí ìyá àgbà mi ṣe jókòó sínú àpótí pupa kan, ẹrù ewé lórí wọn. Wọ́n ní, "Ta ló ní òní lọjà? Àná la ná an!" Mo ń nu pupa náà, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe jí, mo fi ìka kà á. Ọlọ́jọ́ márùn-ún là ń pe ọjà wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló yẹ kí n máa kùn ún! Gbogbo rẹ̀ ni mò ń tún kùn láàárọ̀ yìí. Ìyá arúgbó kankan ò ní tìtorí mi ru ewé lọ sọ́jà àná.