Omi Ẹ̀rọ Nínú Bẹ́ǹsì Àna

Bàbá Oyèníran mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ló ba mọ́tò náà jẹ́. Òtútù ti mú ní Grayson, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, mọ́jú ọjọ́ náà débi pé koríko iwájú ilé funfun bí ẹni pé wọ́n da iyọ̀ sí i. Nígbà tí oòrùn wá yọ díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó lábẹ́ imú Bẹ́ǹsì àtijọ́ tí àna rẹ̀ gbé síwájú gáréèjì. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án. Omi lásán ni, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Omi tí òun fúnra rẹ̀ bù sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi wa mọ́tò fún àwọn ọ̀gá ìjọba n'Íbàdàn, kò sì sí ọ̀gá kan tí mọ́tò dákú mọ́ lọ́wọ́ rí. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, Nathaniel, ọkọ Ṣìkẹ́mi ọmọ rẹ̀, ní àwọn ò lè fi bàbá nìkan sílẹ̀, ó sì mú un wá sọ́dọ̀ wọn ní Grayson. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Nathaniel sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò jinlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi kún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó kó ìwé àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò nínú yàrá ìsàlẹ̀ kí bàbá má baà máa gun àtẹ̀gùn. Ó ra kóòtù tó nípọn bí tìmùtìmù fún un. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á di apá rẹ̀ mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí ó má baà yọ̀ ṣubú. Bàbá a máa wò ó, omi á sì lé ròrò sí i lójú. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n kí ni àgbà fẹ́ fi dúpẹ́ nínú ilé tí ẹ̀rọ ti ń fọ abọ́, tí ẹ̀rọ ti ń fọ aṣọ?

Mọ́tò nìkan ló mọ̀. Kẹ́hìndé, bàbá Nathaniel tó ti Nàìjíríà wá, ló ni Bẹ́ǹsì náà. Epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ti di ọdún kẹrin báyìí tí Kẹ́hìndé ti kú. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni Nathaniel máa ń wa mọ́tò yìí, kó tó gbéra, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì bí ẹni tó ń gbàdúrà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe mọ́tò yẹn o," Ṣìkẹ́mi ti sọ fún bàbá rẹ̀. "Òun nìkan ló kù fún Nat lára dad ẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, tí gbogbo wọn ti lọ síbi iṣẹ́, bàbá fọ mọ́tò náà títí ó fi ń dán. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀. Háà! Omi ti di àwọ̀ ewé! N'Íbàdàn, awakọ̀ tó bá jẹ́ kí omi rédíétọ̀ ọ̀gá dà báyẹn, ilé ló ń lọ. Kíá, bàbá tú gbogbo rẹ̀ dànù, ó ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì bu omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí oore tí a bá fi pariwo, ó ti di fáàrí. Ta ni ì bá sọ fún un pé oògùn òtútù ni omi aláwọ̀ ewé náà, pé òun ni kì í jẹ́ kí omi dì kó sì la irin? Òtútù kì í pa rédíétọ̀ n'Íbàdàn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nathaniel dé lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Rédíétọ̀ ti là.

"It's okay, Daddy," ó ní. "Ó ti gbó. Forty years! It's my fault. I should've changed it last summer."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi yẹn gún bàbá lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. "Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" ló bi í.

"That's what scares me. Rédíétọ̀, mo lè pààrọ̀ ẹ̀. Tí engine náà bá ti crack, ó ti parí nìyẹn. A máa mọ̀ on Saturday."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá fi ń lọ wo mọ́tò náà, tó ń bọ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá wẹ̀yìn títí ọrùn fi ń ro ó, kò rí ẹlòmíràn níbẹ̀ bí kò ṣe òun àti garawa rẹ̀. Tó bá jẹ́wọ́, ojú wo ni àna rẹ̀ yóò fi máa wò ó? Tí kò bá sì jẹ́wọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló máa ru ẹ̀bi ikú mọ́tò bàbá ara rẹ̀ títí ayé. Èyí ló burú jù.

Nígbà tó di Sátidé, rédíétọ̀ tuntun ti dé nínú páálí, òtútù sì ti rọlẹ̀. Ṣìkẹ́mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, ó ku àwọn ọkùnrin méjì níwájú gáréèjì. Nathaniel na ìbọ̀wọ́ sí bàbá, bàbá kọ̀ ọ́.

"Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ ò lè gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀tì ń sọ," ó ní.

Wọ́n tú rọ́bà òkè. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ irin, Nathaniel sì fẹ́ máa fi agbára fà á. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rọra. Yí i, má fà á." Nathaniel yí i, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.

"Daddy, ẹ mọ iṣẹ́ yìí gan-an o!" ni Nathaniel ń wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ìyìn náà ta bàbá bí ata tó bọ́ sójú egbò.

Wọ́n yọ rédíétọ̀ tó là náà. Lẹ́yìn rẹ̀, Nathaniel yọ ike dúdú ńlá tó yí fáànù ká, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè nu ìdọ̀tí inú rẹ̀. Bó ṣe nù ún ni ọ̀rọ̀ funfun yọ, tí ẹnìkan fi ọ̀dà kọ sínú rẹ̀. Ọwọ́ Nathaniel dúró.

"That's my dad's handwriting," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Daddy, Yorùbá ni. Mi ò lè kà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbẹ̀?"

Bàbá fi awò ojú sójú, ó kà á sínú. Ó jókòó lórí páálí. Nínú àwọn méjèèjì, òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá ní "Olúwa máa ṣọ́ mọ́tò yìí" ni wọ́n kọ, Nathaniel á ṣe àmín, ọ̀rọ̀ á sì tán. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ tán. Ó wá gbójú sókè, ó rí bí ọmọkùnrin náà ṣe ń wo ẹnu òun, tó ń retí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá Oyèníran gbé irọ́ náà mì. Ẹnì kan kì í jí ọ̀rọ̀ òkú gbé mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó kà á síta: "Ìwọ tí ò ń tú èyí, ṣé ìwọ náà bu omi ẹ̀rọ sí i ni? Má jẹ́ kó tì ọ́ lójú. Èmi náà ṣe é. Kẹ́hìndé, 1993."

Ó túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti mọ: "He say, you wey dey loose this thing, you too put ordinary water? Make shame no catch you. Me too, I do am."

"Water?" Nathaniel ní. "But nobody put water..."

"Èmi ni." Bàbá ṣí fìlà. "Èmi ni mo da green yẹn nù. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fẹ́ fi ṣe ọ́ lóore. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ, ọmọ mi. Èmi ni mo ba mọ́tò bàbá ẹ jẹ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Nathaniel wo bàbá, ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó rín in títí ó fi fara ti mọ́tò, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "My dad! My dad that measured everything! He never told us!"

"Kò lè sọ ọ́," ni bàbá wí. "Èmi náà ò lè sọ ọ́."

Ìgbà yẹn ló yé bàbá ìdí tí Kẹ́hìndé fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹni tó bá lè kà á náà ni irú ẹni tó máa bu omi tó mọ́ sí i.

Nathaniel ò jẹ́ kí wọ́n dá ike náà padà. "Ẹ tún un kà, sà." Bàbá kà á, Nathaniel ń kà tẹ̀lé e, ohùn ń ṣì í lọ́nà bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, bàbá sì ń tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n kà á kí Nathaniel tó lè dá a kà látòkè délẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó dá ike náà padà, tí wọ́n sì gbé rédíétọ̀ tuntun sí i.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló da omi aláwọ̀ ewé sí i, díẹ̀díẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Nathaniel wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó tu èéfín, ó tún húkọ́, ó sì gbà. Wọ́n jẹ́ kó gbóná dáadáa kí wọ́n tó pa á. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ó wá ku ẹ̀rí ìkẹyìn: bí ẹ́ńjìnnì bá ti là, omi á ti wọ inú ọ́ìlì, á sì dà bíi tíì oní-mílíìkì. Bàbá fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ.

"Dúdú!" ó kígbe. "Ó dúdú kirikiri! Kò là! Olúwa, mo dúpẹ́ o!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ̀pá ọ́ìlì ń kán sí kóòtù tuntun lára, kò tiẹ̀ mọ̀.

Nathaniel bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Lórí kọnkéré tútù níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Ẹ ṣé tí ẹ bu omi sí i."