SR Alàgbà Fọláránmi

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti orí àkọlé yẹn, òótọ́ ni: ọkọ̀ náà kì í ṣe SR. Píjò 504 ni, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n GL ni, irú èyí tó kún títì bí ewúrẹ́ láyé ìgbà náà. Alàgbà Fọláránmi fúnra rẹ̀ ló ra àmì SR ní Ìbàdàn, tó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ búùtù, lọ́dún tí Dókítà Lágúnjú, aládùúgbò rẹ̀ ní Òkèrèwè, gbé GR dé. GR ju GL lọ. SR ju GR lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni Lágúnjú ti ń fara mọ́ ìyà yẹn.

Àmọ́ lówùúrọ̀ yìí, Alhaja Sùmáyà, tó ń ta oúnjẹ ní Sábó, dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó ń wo àmì ọ̀hún bí ẹni tó rí kòkòrò nínú ẹ̀wà.

“Bàbá, kí lèyí?”

“SR ni, Alhaja. Àwọn ọ̀gá pátápátá ló ń gùn ún nígbà yẹn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Èmi ò bá ti SR wá o. GL ni mo fẹ́. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ni mo fẹ́ máa fi kó bọ̀ láti oko. Kí ni n ó fi ọkọ̀ ọ̀gá ṣe?”

Awódélé, mẹkáníìkì tó bá a wá, mi orí. “GL lakọni, Bàbá. Tó bá bàjẹ́ lóko, òòlù àti wáyà ti tó o. SR? Páàtì rẹ̀ dà?”

Fọláránmi wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Mojíre ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú náà. Dókítà ojú ti ní bí ọjọ́ yẹn bá yẹ̀, òun ò lè ṣèlérí kankan mọ́. Ọkọ̀ yìí nìkan ló kù fún wọn láti tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Alàgbà fi ń kọ̀ kó tó gbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé oníbàárà á wá, tí kò ní í fẹ́ ohun ńlá.

Ì bá sọ ọ́ sí Alhaja létí. Ṣùgbọ́n Lágúnjú ti gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ lójúde ilé tirẹ̀, ó ti ń bọ̀.

“SR gidi ni o, Alhaja! Fọláránmi, tell them! Ṣebí ìwọ lo ní kí n má páàkì GR mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má baà kó èèràn ràn án?”

“Alhaja,” ni Fọláránmi wí, “SR yìí… ó níwà GL.”

“Ìwà kọ́ ni mo fẹ́ fi kó ẹ̀wà. Awódélé, jẹ́ ká máa lọ. Ọkọ̀ tí mo bá wá kọ́ nìyí.”

“Ẹ fara balẹ̀, Alhaja,” ni Mojíre wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wà á sọ ohun tó jẹ́.”

Fọláránmi yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi áńkáṣífù nu ibi tí kò dọ̀tí. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún fi í sí i.

“GL ni.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní GL ni! Èmi ni mo lẹ SR mọ́ ọn.”

Lágúnjú la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀, kò wá. Ó rọra jókòó sórí pèpéle, bí ẹni tó gba ààwẹ̀ tí kò kàn án.

“Ọgbọ̀n ọdún, Fọláránmi,” ló kàn wí.

Àyà Alàgbà fúyẹ́. Kódà, ara rẹ̀ ti ń wú u lórí. Ọkùnrin mélòó ló lè ju iyì ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí nítorí ojú ìyàwó? Ó yíjú sí Mojíre dáadáa, kí ojú tó ṣì ń ríran lè rí i.

“Ìyá Dámilọ́lá, mo ti ta ọkọ̀ mi. Nítorí tìẹ ni o.”

Alhaja fa ìwé kan tí wọ́n ká yọ nínú báàgì. “Ó bá ìwé mu nìyẹn. Mo ti ń rò pé ọkọ̀ mìíràn lẹ fẹ́ gbé fún mi.”

“Ìwé wo?”

“Ìwé ọkọ̀ ni, Bàbá. Látọjọ́ Ẹtì tí mo ti sanwó ni Màmá yìí ti fún mi. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù.”

Fọláránmi gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. Orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ wà lókè pátápátá: Mojíre Àbẹ̀kẹ́ Fọláránmi. Ẹ̀yáwó tí ìjọba ń fún àwọn olùkọ́ ni wọ́n fi ra ọkọ̀ náà, Fọláránmi ò sì ṣe olùkọ́ rí.